Ìwọ́wé sẹ́ẹ̀lì ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọjọ́ Ajé la ti ń fa ohun tí a ó máa pe apoptosis ní Yorùbá mọ́ra wa lọ́wọ́, ìyẹn ikú tí sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíntìntín tí ara fi di odidi, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣúrùlérè ní ká pè é ní "ìpara-ẹni sẹ́ẹ̀lì", wọ́n sì fi "ikú yá ju ẹ̀sín" ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Àbúrò wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní "ikú àyànmọ́" ló bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ilé ìwòsàn kan ní Mainland níbí ni mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún àwọn àgbàlagbà. Lọ́dún tó kọjá, màmá kan wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ọmọ wọn ọkùnrin fínra. Mo ní oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un yóò mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú náà para wọn. Màmá dìde. "Kí ló para rẹ̀? Nínú ara ọmọ mi?" Wọ́n ní a kì í dárúkọ irú ikú bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tí mo mú ni kò dára.

Ẹni tó para rẹ̀ ní ohun tó ń dà á láàmú lọ́kàn. Ẹ̀sín wo ni sẹ́ẹ̀lì ń sá fún? Ọmọ inú oyún, awọ ló kọ́kọ́ so ìka rẹ̀ pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ló ń kú, kí ìka tó yà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ ìbànújẹ́ pe iṣẹ́ tó fún wa ní ìka.

"Àyànmọ́" ṣòro láti já ju ìyẹn lọ. Aràn tíntìntín kan wà, C. elegans. Irú rẹ̀ tó jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo ń bí sẹ́ẹ̀lì ara 1,090, àwọn 131 kan náà ló sì máa ń kú nínú wọn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Brenner, Horvitz àti Sulston, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002 lórí irú iṣẹ́ yìí. Mo gbà, ó jọ àkúnlẹ̀yàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àyànmọ́ ò gbóògùn, èyí sì gbóògùn. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, purotéènì kan tó ń jẹ́ Bcl-2 ń sọ pé kó yè. Bí purotéènì mìíràn, p53, bá rí i pé DNA ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó lè gbè sẹ́yìn ikú. Bí ikú bá borí, ara mitokọ́ńdríà, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, á lu, èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ cytochrome c á jò jáde, àwọn purotéènì agégẹ̀ tó ń jẹ́ kásípéèsì á jí, wọ́n á sì máa gé èròjà inú sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́. Venetoclax, oògùn tí mo ń ṣàlàyé fún màmá yẹn, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016, Bcl-2 gan-an ló ń dè mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ tí oògùn lè yí padà, ṣé àyànmọ́ ni?

Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kerr, Wyllie àti Currie, tí wọ́n fi orúkọ apoptosis síta, lọ bá James Cormack, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Aberdeen. Ọ̀rọ̀ tó fún wọn ni bí ewé ṣe ń bọ́ lára igi. Àwa ní tiwa: igi wọ́wé.

Igi fúrúùtù kan wà lágbàlá wa ní Yábàá. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì wọ́. Ìjì ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan, ó fi awọ rọ̀. Ewé ẹ̀ka yẹn gbẹ, ó ká kò, síbẹ̀ kò bọ́! Igi tó wà láàyè ló ń wọ́wé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé ewé nídìí, tó sì ń dí ojú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí agbára rẹ̀ ti tán pátápátá kò lè ṣe irú ikú yìí.

Ẹnìkan ní ewé ń bọ́ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ń di ẹrù kéékèèké tí àwọn mìíràn ń gbé mì. Òótọ́ ni, àléébù yẹn wà nínú ti Gíríìkì náà. Ti pé "ìgbà ìwọ́wé" (autumn) ti wà tẹ́lẹ̀ kò dí wa lọ́wọ́, "sẹ́ẹ̀lì" tó tẹ̀ lé e ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí màmá yẹn padà wá, ewé ni mo fi ṣàlàyé. Wọ́n ní: "Àwọn tó kọ̀ tí wọn ò wọ́ ló ń da ọmọ mi láàmú nìyẹn." Mi ò ní àlàyé kankan láti fi kún un.

Ó wá ku necrosis, irú ikú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń wú tó sì ń bẹ́, tí ohun inú rẹ̀ ń dà sára aládùúgbò. Ẹ má sọ pé "ìjẹrà", sẹ́ẹ̀lì ọkàn lè kú báyìí láìrà. "Ìṣẹ́", látara ẹ̀ka tó ṣẹ́, ìbá wù mí, àmọ́ òṣì ni gbogbo ayé máa gbọ́. "Ìbẹ́ sẹ́ẹ̀lì" ni mo kọ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí ìwé pélébé tí a ń ṣe fún àwọn aláìsàn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.