"Àbínibí" kò gba gbogbo rẹ̀: àbá mi lórí ẹ̀bùn àti iṣẹ́ ìran

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní talent nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kan ní "àbínibí" ni, torí "ẹ̀bùn àbínibí" ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní "àkọ́mọ̀ọ́ṣe" ni, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n bí tòun ti iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ka méjèèjì, ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìkankan.

Tí tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS bá bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sickle cell, àbínibí nìyẹn. Ọmọ náà kò kọ́ ọ, kò sì lè kọ̀ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìlù rí? Wọ́n á ní inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Àyàn, ìran onílù, ló wà. Ẹ wo ilé Àyàn dáadáa. Kí ọmọ tó rìn ni ìró ìlù ti ń wọ̀ ọ́ létí. Omele tàbí gúdúgúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, yóò máa tẹ̀ lé àwọn àgbà lọ sóde ìnáwó, ọdún á gorí ọdún kí ìyáàlù tó dé ọwọ́ rẹ̀, torí ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò gbọ́ oríkì kò ní ohun tí yóò fi í sọ. Àwọn ọmọbìnrin ilé náà ńkọ́? Àyàn ló ṣáájú orúkọ tiwọn náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò lè lùlù, nítorí a kì í sábà gbé kọ̀ǹgọ́ lé obìnrin lọ́wọ́. Lónìí pàápàá, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Àyàn ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lù. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà.

Èyí tó dá mi lójú jù ni ti àwọn ìyàwó ilé. Obìnrin tí wọ́n gbé wá láti agboolé mìíràn, tí kò bá ilé ọkọ tan rárá, ló máa ń ki oríkì orílẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí orí ọmọ bíbí ilé á fi wú. Ẹnu àwọn ìyálé ló ti gbọ́ ọ, nídìí ààrò, níbi ìsìnkú, níbi ìkómọ.

Síbẹ̀ "àkọ́mọ̀ọ́ṣe" náà kù díẹ̀ káàtó: kò sọ̀rọ̀ ìran rárá. Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìran karùn-ún gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ní ibi iṣẹ́ tí Fada Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ífẹ̀. Ta ló lè ní ilé tí wọ́n bí i sí kò ṣe nǹkan kan? Ta ló sì lè ní Ọyẹ́ kò ṣe nǹkan kan?

"Àjogúnbá" ńkọ́? Ilé àti oko là ń jogún bá. A lè jókòó kí wọ́n kàn wá. Mo ti ro "àkọ́jogún", ṣùgbọ́n ó jọ "àkọ́bí" jù. Wọn á kà á sí ẹni tó kọ́kọ́ jogún. Nítorí náà, "àfẹ̀kọ́jogún" ni mo dá lábàá: ohun tí a fi ẹ̀kọ́ jogún, bí a ṣe ní àfojúrí àti àfetígbọ́. Kí SS jẹ́ àbínibí. Kí ìlù ilé Àyàn jẹ́ àfẹ̀kọ́jogún. Ọmọ tó gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan tó dà á kọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé kan náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi "ẹ̀bùn" lásán sílẹ̀ fún tirẹ̀, ká má fi "àbínibí" kún un, títí a ó fi mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún, torí ọmọ tí kì í ṣe ti Àyàn ń ka ìwé wa. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbínibí ni ìlù, kò ní na ọwọ́ sí kọ̀ǹgọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi gbé "àfẹ̀kọ́jogún" síwájú àwọn ọmọ kíláàsì yín, kí ẹ wò ó bóyá ó rọ̀ wọ́n lẹ́nu.