Ṣáàfù inú F-16 kì í ṣe “ọ̀pá ìwakọ̀”

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín. Mo ti ka ìtumọ̀ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ lórí ohun tó yẹ kí awakọ̀ bààlúù ogun F-16 ṣe bí ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ àpótí jíà bá ṣẹ́ lójú òfurufú. Ó ṣiṣẹ́, mo kí i, ṣùgbọ́n “ọ̀pá ìwakọ̀” tó pe ṣáàfù náà bí mi nínú.

Ọkọ̀ wo ni ṣáàfù ń wà? Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ló ń wà á. Nínú F-16 gan-an, ọ̀pá kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún awakọ̀ tó fi ń darí bààlúù. Bí ọmọ Yorùbá bá kà á pé “ọ̀pá ìwakọ̀ ṣẹ́”, èyí ni yóò rò pé ó ṣẹ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n pe jẹnẹrétọ̀ ní amúnáwá, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n wò, wọ́n sì fi a- síwájú rẹ̀. Ta ló kọ́ wa ní ì- yìí?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ṣáàfù náà. Ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú àpótí jíà, níbi tí amúnáwá àti pọ́ǹpù háídírọ́líìkì méjèèjì (àwọn tó ń fún epo pọ̀ kí ó lè ti nǹkan) ti ń rí ohun tó ń yí wọn. Bó bá ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ lọ, kó ṣì máa ti bààlúù síwájú, ṣùgbọ́n iná àti háídírọ́líìkì ti lọ. Bẹ́ẹ̀, F-16, tó kọ́kọ́ fò ní 1974, kò ní okùn irin tó so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ìyẹ́: iná ló ń gbé àṣẹ rẹ̀ lọ, háídírọ́líìkì ló ń yí ìyẹ́ àti ìrù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ agbára pàjáwìrì fi ń ta jí fúnra rẹ̀, tó ń lo háídírásíìnì, kẹ́míkà olóró tí wọ́n fi omi lú, tó sábà máa ń tó bí ìṣẹ́jú 10 kó tó tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń yí dáadáa, afẹ́fẹ́ tí a fà láti inú rẹ̀ lè máa yí ẹ̀rọ yìí, kí kẹ́míkà náà má tètè tán.

Nítorí náà, “ẹ́ńjìnnì kùnà” tí àbúrò wa kọ ní ìpínrọ̀ kejì burú ju ọ̀pá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ní kú mọ́ lọ́wọ́ ń wá ibi tí yóò rà bà sí tàbí bí yóò ṣe fò jáde. Ẹni tí ṣáàfù rẹ̀ ṣẹ́ ṣì ní agbára tí yóò gbé e dé pápákọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ̀ka háídírọ́líìkì kan péré ni ẹ̀rọ pàjáwìrì ń gbé dúró, kì í sì í ṣe èyí tó ń sọ ẹsẹ̀ bààlúù kalẹ̀, torí náà afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sínú ìgò ni yóò tì í jáde. Taya iwájú kò ní ṣeé darí, ìdí nìyí tí awakọ̀ fi máa ń fẹ́ fi ìkọ́ ìdí bààlúù há okùn irin orí pápá, kí ó dá a dúró. “Ìkọ́” tí àbúrò wa pe èyí, ó tọ̀nà.

Èmi dá “ọ̀pá agbágbára”, láti ara gbé, lábàá. Ìyá wa tó ti kọ́ gírámà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní “agbagbára” ni, láti ara gba, wọ́n sì ní mi ò mọ àmì ohùn. Mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ológun ń gba ìjọba, kì í sì í tètè dá a padà; ṣáàfù kò tọ́jú nǹkan kan fún ara rẹ̀, ó gbé e, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ní ká kúkú máa pè é ní ṣáàfù bí àwọn mẹkáníìkì Ládípọ̀ ti ń ṣe, èmi àti onítọ̀hún kò jà. Àwa ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sínú ìwé.

Kí ìyá wa kúkú dá mi lóhùn: bí ṣáàfù bá jẹ́ agbagbára, kí ni a ó pe pọ́ǹpù tó ń gba agbára náà?