Òjó: ṣé ọmọ tí wọ́n bí lásìkò òjò ni?

Ọmọ_Ìta_Ègbé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọkùnrin kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá àgbà ní Òjó ni, pé ìwọ́ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá ọmọ ní inú ọ̀gbẹlẹ̀ lòun bí i, kí ló kan òjò? Àwọn kan tún ní orúkọ abọ̀rìṣà ni, pé kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Èwo ni ká gbà, báwo la sì ṣe máa kọ ọ́?

Alámì_Ohùn:
Ohùn ló da ìyá ọmọ láàmú. Òjó jẹ́ dò-mí. Òjò tó ń rọ̀ jẹ́ dò-dò. Ojo tó ń sá lójú ogun, re-re. Ẹni tó bá kọ "Ojo" láìfàmì sí i ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Ọmọ tó bá òjò wáyé, Béjìdé lorúkọ tirẹ̀: bá ejì dé. Ejì làwọn Èkìtì ń pe òjò. Nítorí náà, ọmọ lè wáyé nínú ọyẹ́ kó sì jẹ́ Òjó, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìyá_Agbẹ̀bí:
Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó ronú kàn án. Bí ọmọ ṣe jáde ló sọ ọ́ lórúkọ, agbẹ̀bí ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀. Bí orí bá ti yọ, kí èjìká tó tẹ̀ lé e, ìka là ń fi wá ọrùn ọmọ. Bí a bá bá okùn ìwọ́ níbẹ̀ tó dẹ̀, a ó fà á gba orí ọmọ kọjá. Bó bá fún pinpin, a ó dè é níbi méjì, a ó gé e láàárín, ká tó gbé èjìká jáde. Kí ẹ̀rù má ba yín: okùn náà máa ń gùn tó 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ọmọ sì ń yí gbirigbiri nínú omi. Nínú ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọ̀kan tó rọ̀ mọ́. Abájọ tí Òjó fi kún ìgboro!

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í sọ fún ẹbí, àgàgà bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ọmọ á délé, wọ́n á sọ ọ́ ní ohun tó wù wọ́n. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n: ṣé ìwọ́ wà lọ́rùn? Ṣé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ (Ìgè nìyẹn)? Ṣé ó dojú bolẹ̀ (Àjàyí)? Ṣé àwọ̀ bò ó lórí? Sàlàkọ́ ni ọkùnrin, Tàlàbí ni obìnrin. Ti ìka mẹ́fà, Olúgbódi, ojú yín á rí i fúnra yín.

Tí ọmọ tí ìwọ́ rọ̀ mọ́ lọ́rùn bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Àwọn ibì kan wà tí ọkùnrin náà ń jẹ́ Àìná, ẹ má pè é ní àṣìṣe.

Bàbá_Ìkómọ:
Ẹni tó ní orúkọ abọ̀rìṣà ni, ẹ bi í léèrè: òrìṣà wo ló wà nínú ẹ̀? Ìwọ́ la rí, a ò rí òrìṣà. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró, tó di Samuel Crowther. Ọdún 1864 ló di bíṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀ Àjàyí là ń pè é dòní, àmútọ̀runwá bíi Òjó lòun náà.

Lórí ìwé ìbí, ẹ fi orúkọ àbísọ síwájú, kí Òjó tẹ̀ lé e: Adéwálé Òjó. Àkànní tàbí Àlàó, oríkì nìyẹn, ipò tirẹ̀ yàtọ̀. Bí orúkọ ìdílé yín bá ti jẹ́ Òjó tẹ́lẹ̀, ẹ fi ti ọmọ sílẹ̀ fún ìpè nínú ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Òjó Òjó ni wọ́n á máa kà nílé ìwé. Bẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́ lọ́nà kan, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ títí dórí ìwé ìrìnnà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ á gbé yín dé kóòtù láti búra.

Nígbà àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ìkeje fún obìnrin, ìkẹjọ fún ìbejì. Ìkẹjọ ti kárí gbogbo wọn báyìí. Ẹ má gbàgbé oríkì ẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Òjó ò sí nílé, ọmọ adìyẹ dàgbà, ì bá wà nílé, ì bá ti pa ìyá rẹ̀ jẹ." Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ adìyẹ yín.

Ọmọ_Ìta_Ègbé:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti bi agbẹ̀bí, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwọ́ yí i lọ́rùn ká. Ṣé orúkọ á yí padà?

Ìyá_Agbẹ̀bí:
Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, Òjó ni.