Mo ya ẹ̀rọ ìfọ́ kajú sórí ìwé: báwo ni yóò ṣe di ohun títà?

Olùkọ́ Ìsánlú:
Ẹ̀yin ará mi, okun o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú, bàbá mi sì fi oko kajú díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé pẹ̀lú èèpo ni àwọn oníṣòwò ti ń ra kajú lọ́wọ́ wa, tí èrè tó wà nínú fífọ́ rẹ̀ sì ń bá wọn lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ya àwòrán ẹ̀rọ kékeré kan tí a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí abẹ méjì rẹ̀ yóò máa la èèpo, kí epo rẹ̀ tó máa ń bó ni lọ́wọ́ má baà kàn wá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń jórin ní Kàbà bá mi ṣe ọ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi kajú mẹ́wàá sí i, bóyá mẹ́ta ni ọmọ inú rẹ̀ máa ń jáde lódindi.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ní kí n san owó ogún ẹ̀rọ sílẹ̀ kí irin tó tún gbówó lórí. Ẹnìkan tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n sanwó fún òun kí òun bá mi gba ìwé ẹ̀tọ́, kí wọ́n má baà jí èrò mi. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ fọ́ àpò kajú tó wà nílé tán ná. Èwo ni kí n ṣe kí kajú tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lóṣù kejì?

Jórinjórin Kàbà:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi kọ́ ni ọ̀rẹ́ yín tó ṣe ẹ̀rọ náà o. Ẹ má tíì sanwó ogún ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó bá wà lára ọ̀kan ni yóò wà lára ogún. Irin wo ni wọ́n fi ṣe abẹ yẹn? Bí ó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe géètì, ẹnu rẹ̀ kò ní pẹ́ kú, abẹ tó bá sì ti kú kì í la èèpo mọ́, ńṣe ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí tòun tọmọ inú rẹ̀ yóò fi rún. Ẹ wá irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ tó ti gbó, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ ara ẹ̀rọ, nítorí iná máa ń ba líle rẹ̀ jẹ́. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, kí ẹ lè máa tú u pọ́n. Kí wọ́n tún fi bóòtù kan sí ìdí àtẹ̀sẹ̀ tí yóò dá abẹ dúró kí méjèèjì má lè pàdé, torí pé nǹkan bíi mìlímítà 3 péré ni èèpo kajú nípọn.

Ìyá Oníkajú, Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ mi, ìyàwó rẹ ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. O kò tilẹ̀ sọ fún wa bóyá o se kajú náà kí o tó fọ́ ọ. Èèpo kajú tí a kò sè máa ń fà bí awọ ni, kò sí abẹ tó lè là á dáadáa. Fi ooru omi sè é fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù mọ́jú, ìwọ náà yóò gbọ́ bí yóò ṣe máa dún pẹ́ẹ́ lábẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà, fi asẹ́ ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, kí o ka ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́ wọn, kí o sì kọ iye tó jáde lódindi sílẹ̀. Kìlógíráàmù kan kajú eléèpo kò lè fún ọ ju bíi gíráàmù 200 sí 250 ọmọ inú rẹ̀ lọ, owó èyí tó fọ́ kò sì lè dé ìdajì ọ̀nà owó odindi lójú oníbàárà mi.

Ohun kan tún kù. Mo ra ẹ̀rọ kan rí (n kò ní dárúkọ ẹni tó tà á) tí àtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ga débi pé obìnrin tó ró ìró kò lè tẹ̀ ẹ́ láìká ìró rẹ̀ sókè. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí àwọn obìnrin tó ń bá mi fọ́ kajú fi padà sídìí igi àti òkúta wọn. Gbé tìrẹ wá fún wa fún ọ̀sẹ̀ kan, jókòó tì wá, má sì kọ́ wa ní ohunkóhun.

Agbẹjọ́rò ọmọ Mọ̀pà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹni orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn lówó. Òfin kì í fi pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tó ń sọ yẹn, dáàbò bo èrò lásán. Ohun tuntun tó ṣeé ṣe jáde ló ń dáàbò bò, fún ogún ọdún, tí ẹ ó sì máa sanwó lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ ìfọ́ kajú ẹlẹ́sẹ̀ sì ti wà ní Íńdíà tipẹ́. Òfin wa fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba pátẹ́ǹtì ló fi ara rẹ̀ wewu, wọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé yóò dúró nílé ẹjọ́. Bí ẹ bá rò pé ohun kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ síbí, nítorí ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Orúkọ tí ẹ ó máa fi tà á ni èmi ì bá fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin bí àmì òwò: ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì lè máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá.

Olùkọ́ Ìsánlú (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì):
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti pààrọ̀ abẹ, a sì ti fi bóòtù ìdádúró sí i. Nínú ọgọ́rùn-ún kajú ńlá tí a sè, méjìdínlọ́gọ́rin jáde lódindi. Nínú kékeré, mọ́kànléláàádọ́ta péré, nítorí pé ńṣe ni wọ́n ń dojú délẹ̀ sẹ́nu abẹ. A ń ṣe ẹnu abẹ kejì fún wọn báyìí. Owó ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo san, kì í ṣe ogún. Ìyá, ọjọ́ wo ni kí n gbé ọ̀kan wá?

Ìyá Oníkajú, Ẹ̀gbẹ̀:
Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí o gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú kí o tó gbé e wá.