Oxytocin nínú ooru Kánò: ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Kánò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹ̀bí. Iná kì í dúró níbí. Ṣé abẹ́rẹ́ oxytocin tó ti wà lórí tábìlì látàárọ̀ ṣì lè dá ẹ̀jẹ̀ ìbímọ dúró?

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Ẹ má gbọ́kàn lé e, mà. Ibi tó tutù ní 2 sí 8 °C ló ń gbé. Tí ooru bá bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í sínú kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú yìnyín tó ti ń yọ́ díẹ̀. Èyí tó le gbagidi lè mú un dì. Yúnìtì 10 ni, sínú ẹran itan, láàárín ìṣẹ́jú kan tọ́mọ bá jáde. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ikùn wò o, bóyá ọmọ kejì ṣì wà nínú! Tí kò bá sí èyí tó dára, ẹ fún ìyá ní misoprostol, oògùn oníhóró fún ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, hóró mẹ́ta ti 200 microgram, kó gbé e mì.

Àdùkẹ́ Gwarinpa: Carbetocin kan wà, abẹ́rẹ́ tó jọ oxytocin, tí ooru 30 °C kì í ṣe ní nǹkan, 100 microgram. Ti ìdènà ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe ti ìtọ́jú rẹ̀ tó bá ti ń ya.

Agbẹ̀bí Zaria: Fífi ojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó jáde gan-an ni ìṣòro, aṣọ ti fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹ tẹ́ ọ̀rá onílà ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá. Tó bá ti kan 500 ml, ẹ má dúró: ẹ wọ́ ilé ọmọ, ẹ fún un ní oxytocin, ẹ fa omi sí i lára, ẹ fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, gíráàmù 1 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wò ó bóyá ojú ara ya. Ìwádìí E-MOTIVE ọdún 2023 lórí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ṣíṣe gbogbo èyí pọ̀ ṣiṣẹ́.