Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lóyún, kí ni kí n ṣe?

Onídìrí Ìjọ̀ka: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ń kọ́ irun dídì lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Oyún ti ju oṣù márùn-ún lọ, kò tíì dé ilé ìwòsàn rí. Bàbá rẹ̀ lé e jáde. Ẹni tó fún un lóyún ti pa fóònù. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń wú. Agbo ni ìyá àgbà ń fi ránṣẹ́ láti Ìdànrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Màmá, ẹ má dúró dọ̀la! Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lónìí. Gìrì aboyún, ìyẹn gìrì tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru wá nínú oyún, máa ń mú àwọn ọmọ kékeré ju àgbà lọ. Ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ wà ní Òkè-Àró. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti ibà. Ẹ bá mi da agbo yẹn nù.

Bàbá Ìbejì: Ọmọdé ni lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ní 2007. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ti bàbá tó lé e jáde, ẹ rán ẹ̀gbọ́n bàbá náà sí i, kì í ṣe pásítọ̀.

Onídìrí Ìjọ̀ka: Ẹ ṣeun. Ìfúnpá ga lóòótọ́, wọ́n ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Tó bá bímọ tán, kó padà wá parí iṣẹ́; mi ò ní gba owó fìrídọ́ọ̀mù.