Ṣé kí n gbẹ́ orí Glock 19 mi ni, àbí kí n kàn fi ìdè kékeré gbé awò red dot lé e?

Ọmọ Ṣakí (Houston)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Mo ní Glock 19 Gen4 kan tí mo ti ń lò láti bí ọdún márùn-ún, kì í sì í ṣe irú MOS tí wọ́n ti gbẹ́ àyè awò sí láti ilé-iṣẹ́. Ojú mi kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: bí mo bá tẹjú mọ́ ojú ìbọn iwájú, bébà tí mo ń yìnbọn sí a di kùrukùru, bí mo bá sì wo bébà, ojú ìbọn a sọnù. Ìdí nìyí tí mo fi ra awò Holosun 507C, tí ó ń tan àmì pupa sójú gíláàsì, kí n lè máa wo ibi kan ṣoṣo.

Bí yóò ṣe jókòó sórí ìbọn ni ó kù. Mo lè ra ìdè kékeré tí a ń tì bọ inú kòtò ojú ìbọn ẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ojú ìbọn náà kúrò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, mo sì lè dè é fúnra mi nílé. Mo tún lè fi irin orí ìbọn, èyí tí a ń pè ní sílàìdì, ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ gbẹ́ àyè awò sí i. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ kún owó MOS. Ìbọn ààbò ilé ni, mo sì máa ń gbé e lọ sí ibi ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Kí ni ẹ rí sí i?

Alágbẹ̀dẹ Atlanta

Ẹ kú ìbéèrè. Iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe jẹun, sílàìdì sì wà lára ohun tí mo máa ń gbẹ́, nítorí náà ẹ fi sọ́kàn pé ọlọ́bẹ̀ kì í sọ pé ọbẹ̀ òun kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún.

Sílàìdì a sáré lọ sẹ́yìn, a kanlẹ̀, a sì sáré padà wá síwájú, kí ojú tó ṣẹ́. Awò tí ó wà lórí rẹ̀ kò fẹ́ kúrò níbi tí ó wà, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá dì í mú ni yóò jẹ ìyà náà lálọ àti lábọ̀. Bí ó bá jẹ́ skúrù méjì péré ni ó dì í mú, skúrù ni yóò jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ a kò ṣe skúrù tín-ín-rín láti gba ìgbájú láti ẹ̀gbẹ́. Nínú àyè tí a bá gbẹ́ dáadáa, ìdúró kékeré méjì ni a ń fi sílẹ̀ kí wọ́n yọ sókè bí ọmú, tí wọn yóò wọ inú ihò méjì tí ó wà nísàlẹ̀ awò, ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò sì fún awò náà mọ́ra débi pé bébà kò ní ráyè kọjá. Àwọn wọ̀nyí ni yóò gba ìtàpá ìbọn. Iṣẹ́ skúrù kò ju kí ó di awò mọ́lẹ̀ lọ.

Ìdè inú kòtò ẹ̀yìn kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Fífún tí ó fún mọ́ kòtò náà ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, pẹ̀lú skúrù kékeré kan, awò a sì dúró gagara lókè bí ẹni gun àga. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ìsàlẹ̀ awò gùn ní mìlímítà 30, tí iwájú rẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré gbéra sókè. Ní yáàdì 25, ibi tí àmì pupa ń tọ́ka sí yóò ti yẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àmì 2 MOA (MOA ni a fi ń wọn bí àmì ṣe tóbi tó) tí ó wà nínú 507C kò bo ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ níbẹ̀. Ìgbéra kékeré tí ojú kò rí ni yóò máa bá yín jà. Lórí ìbọn .22 tí kì í tàpá, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìdè náà. Lórí 9mm tí ẹ fẹ́ fi dáàbò bo ilé, tí ẹ sì ti yọ ojú ìbọn ẹ̀yìn kúrò, kí ni ẹ óò wò lọ́jọ́ tí iná awò bá kú?

Ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ pé ẹsẹ̀ RMR ni ẹ fẹ́ (ẹsẹ̀ ni bí ìsàlẹ̀ awò àti ihò skúrù rẹ̀ ṣe rí), nítorí pé ẹsẹ̀ kan náà ni 507C àti awò RMR ti Trijicon ní. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣì í mú fún 507K, awò Holosun mìíràn, o. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ sún mọ́ ti awò Shield RMSc, kò sì ní wọ àyè tí ẹ gbẹ́ láéláé. Sílàìdì nìkan ni ẹ óò fi ránṣẹ́. Fírémù ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà sí ìbọn, kò sì ní kúrò nílé yín. Kí ẹ sì béèrè ohun tí wọn yóò fi kun ibi tí wọ́n gbẹ́, nítorí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lára, òógùn ọwọ́ nìkan ti tó láti mú un dípẹtà.

Àdùkẹ́ (Dallas)

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ apá kan. Ẹni tí ó bá gbẹ́ sílàìdì ti gbé ẹsẹ̀ awò kan níyàwó. Bí ó bá wù ú lọ́jọ́ iwájú láti lo awò Aimpoint ACRO tí ó ní gíláàsì níwájú àti lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, kò ní wọ àyè náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Glock rò nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé MOS jáde ní 2015: pléètì tí ó ní nọ́ńbà, tí ń wà láàárín awò àti sílàìdì, ni a ń pààrọ̀, 02 sì ni ti ẹsẹ̀ RMR.

MOS ni mo ń lò, n kò sì kábàámọ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi ohun kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ de awò mi, n kò nu òróró inú ihò skúrù kúrò kí n tó fi gọ́ọ̀mù búlúù, èyí tí kì í jẹ́ kí skúrù tú, sí i. Nígbà tí yóò fi di ọta bí ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo ọta mi ti ń lọ sí apá ọ̀tún bébà, mo sì ń fi ẹ̀sùn kan ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo gbé ìbọn náà sókè síwájú fèrèsé ni mo rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú láàárín awò àti pléètì. Mo fi èékánná yí skúrù náà, ó yí.

Ìgbín Kò Sáré

Díẹ̀ ni tèmi. Bí ẹ bá ń rò ó pé ọjọ́ kan ẹ óò dìde lọ díje ní Carry Optics, ẹ̀ka ìdíje ìbọn aláwò ti ẹgbẹ́ ayìnbọn USPSA, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìdè tí ń dè mọ́ fírémù fún yín. Sílàìdì ni òfin wọn ní kí awò wà.

Ọmọ Ṣakí (Houston)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ òwú ìmọ́lẹ̀ yẹn rán mi létí bàbá mi, tí ó fi ṣakabùlà dọdẹ títí ó fi darúgbó. Wọ́n máa ń sọ pé bí okùn iná iwájú orí bá ti dẹ̀, ojú ẹran á máa sún kiri, ọdẹ a sì rò pé ẹran ni ó ń rìn. Mo ti pinnu láti gbẹ́ ẹ. Ẹ dákun, báwo ni kí n ṣe de skúrù náà tí yóò fi dúró, ṣé n óò sì máa tú u ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì?

Alágbẹ̀dẹ Atlanta

Ẹ kò ní tú u. Ẹ̀gbẹ́ ni bátìrì CR1632 ti ń wọ 507C. RMR ni bátìrì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí a ní láti tú awò kúrò kí a tó dé ibẹ̀.

Ní ti skúrù, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ yẹ ojú ihò ọta wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi sípíríìtì fọ ihò àti skúrù, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Gọ́ọ̀mù búlúù ìkán kan ti tó fún skúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá sípánà kékeré tí ń wọn agbára ìyí. Trijicon ní íǹṣì-páùn 12 fún RMR, ti awò yín wà nínú ìwé tí ó bá a wá, ìwé náà sì ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ má fi agbára apá ṣe é. Ẹ fi kíkùn funfun fa ìlà láti orí skúrù dé ara awò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lórí sílàìdì Glock tí a gbẹ́, ihò skúrù apá ọ̀tún wà lókè ojú ọ̀nà tí ọ̀pá kékeré tí ń ti ìkọ́ ìfa-èèpo-ọta ń gbà. Bí skúrù bá fi díẹ̀ gùn jù, tàbí tí gọ́ọ̀mù bá ṣàn wọ ibẹ̀, ọ̀pá náà yóò há, èèpo ọta yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há sínú ìbọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de awò, kí ẹ tó dá sílàìdì padà sórí fírémù, ẹ fi nǹkan ti ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó sì ta padà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí (Houston)

Ẹ kú àtijọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni sílàìdì fi wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti ọ̀pá náà bí ẹ ti wí, kò mira. Mo tú skúrù ọ̀tún, mo fi fáìlì rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìwọ̀n yíyí skúrù kan, mo fọ ihò náà, mo sì tún un dè. Ó wá ń ta padà. Mo yin ọgọ́rùn-ún ọta ní Sátidé, èèpo kan kò há. Ìlà funfun náà ṣì tọ́, n óò tún wò ó lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kejì.